Ìtọ́jú Ẹni Tí Ọkàn Rẹ̀ Fara Gbọgbẹ́

(Ọ̀rọ̀ tí a kà níwájú ẹgbẹ́ ní ìpàdé oṣooṣù wa ní Abẹ́òkúta)

Ní ìpàdé tí ó kọjá, a ṣe ìlérí pé ọ̀rọ̀ lórí aṣọ òfì ni a ó sọ lónìí. Ẹ fi orí jì wá. Aṣọ òfì kì í gbó ní oṣù kan. Ẹ jẹ́ kí ó dúró dè wá. Ohun kan ṣẹlẹ̀ láàárín wa tí kò yẹ kí á fi aṣọ bò mọ́, ẹ̀bi rẹ̀ sì wà lọ́rùn àwa tí ẹ fi ṣe olórí ju bí ó ti wà lọ́rùn ẹnikẹ́ni lọ.

Gbogbo wa ni a mọ̀ pé ọ̀kan nínú àwọn arákùnrin wa bọ́ sí ọwọ́ àwọn ajínigbé lójú ọ̀nà. A kò ní dárúkọ rẹ̀. A ti lọ bá a nílé kí á tó mú ìwé yìí wá síwájú yín. A kà á sí i létí láti òkè dé ilẹ̀. Ó pa ibi tí kò wù ú rẹ́, ohun tí ó gbà kí á sọ ni ẹ ó gbọ́, a kò ní fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kún un. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ó lò nínú igbó. Nígbà tí Ọlọ́run kó o yọ, inú wa dùn lọ́pọ̀lọpọ̀, a sì ṣe bí a ti mọ̀ ọ́n ṣe: a pa màlúù, a pe onílù, gbogbo ẹnu ni ó ń wí pé, "Ẹ kú ewu, ẹ kú orí ire." Títí dé ibẹ̀, kò sí ohun tí ó burú. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn oúnjẹ, a ní kí ó bọ́ síwájú kí ó ròyìn. Ó ròyìn. Àwọn kan pẹ́ kí wọ́n tó dé. Wọ́n ní àwọn kò bá ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, a sì ní kí ó tún un sọ. Ọ̀kan nínú wa bi í léèrè iye tí ẹbí rẹ̀ san. Òmíràn bi í bóyá kò rí àmì kankan kí ó tó jáde nílé ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, bí ẹni pé àìfura rẹ̀ ni ó ràn án lọ. Ní ìpàdé tí ó tẹ̀ lé e, àlejò kan bẹ̀ wá wò, a tún fa arákùnrin wa dìde kí ó sọ fún àlejò. Ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tí omi inú ife tí ó mú dání fi dà sí i lára. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ọkùnrin, ó mà ti tán! Ṣé ẹ kò rí i pé ẹ ti délé ni?" Láti ọjọ́ náà ni kò ti wá sí ìpàdé mọ́. Oṣù méje rèé.

Ẹ gbọ́ ohun tí àwọn olórí yín rò. A rò pé ó ń gbéra ga ni. A kọ ìwé sí i pé owó ẹgbẹ́ rẹ̀ ti di gbèsè.

Ìyàwó rẹ̀ ni ó là wá lójú, nígbà tí ó mú ìwé náà padà wá fún akọ̀wé. Ó ní ọkọ òun kì í sùn. Kì í jókòó sí iyàrá tí kò ti lè rí ilẹ̀kùn. Bí alùpùpù bá dúró níwájú ilé lóru, yóò ti wà nílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé ó dìde. Òórùn èéfín igi tútù láti ẹ̀yìnkùlé àwọn aládùúgbò a máa jẹ́ kí ó bì. Ó ti ń jágbe mọ́ àwọn ọmọ tí kì í jágbe mọ́ tẹ́lẹ̀, lẹ́yìn náà yóò sì wọ iyàrá lọ máa sunkún. Arábìnrin wa kò bú wa. Ó kàn béèrè pé, ṣé ẹgbẹ́ tí ó ní ìwà ọmọlúàbí ni òun ń gbé ga kò mọ ohun tí a ń ṣe fún ènìyàn tí ó bá rí báyìí ni? A kò rí èsì fún un. Nítorí náà ni a ṣe lọ wádìí, ohun tí a sì rí ni a mú wá.

Àwọn baba wa ní ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá. Àwa a máa fi òwe náà fi ojo ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ jẹ́ kí á tún un wò. Òwe náà kò sọ pé onítọ̀hún kò mọ ekòló yàtọ̀ sí ejò. Ó mọ̀ ọ́n. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ó ti sáré kí ojú rẹ̀ tó rí i tán.

Ohun tí àwọn dókítà òde òní ń kọ́ wa gan-an nìyẹn. Nígbà tí ewu bá dé, ara kì í dúró gba àṣẹ lọ́dọ̀ ìrònú. Ọkàn a máa lù kìkì, ẹ̀jẹ̀ a rọ́ lọ sí apá àti ẹsẹ̀ kí ènìyàn lè jà tàbí kí ó lè sá, ẹnu a gbẹ, ikùn a dá iṣẹ́ tirẹ̀ dúró. Bí kò bá sí àyè láti jà, tí kò sì sí àyè láti sá, ara ẹlòmíràn a le gbagidi bí igi, ohùn rẹ̀ a sì há. (Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ ìwà òpè láti bi obìnrin tí a fi ipá bá lò pọ̀ pé èéṣe tí kò fi pariwo. Ẹ̀yin ọkùnrin tí ẹ máa ń bèèrè irú rẹ̀ níbi ìparí ìjà, ẹ gbọ́ o.) Bí ewu bá ti kọjá, ó yẹ kí gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ ènìyàn, yóò rọlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, láìsí dókítà, bí wọ́n bá wà lọ́dọ̀ àwọn tí ó fẹ́ràn wọn. Lára àwọn mìíràn kò ní rọlẹ̀. Ó dàbí ọlọ́dẹ àdúgbò tí kò gbọ́ pé olè ti lọ, tí ó ń fọn fèrè rẹ̀ láti òru mọ́jú, ní oṣù dé oṣù. Ìrántí ọjọ́ ibi náà kì í sì bá àwọn ìrántí yòókù jókòó. Kì í wá bí ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ rí, bí ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ ni ó ń wá. Èéfín igi kan ṣoṣo tó láti gbé arákùnrin wa padà sínú igbó nígbà tí ara rẹ̀ wà lórí àga nílé.

Kì í ṣe àìsàn tuntun. Nígbà ogun àgbáyé kìíní, ní ọdún 1915, dókítà Gẹ̀ẹ́sì kan tí a ń pè ní Charles Myers kọ̀wé nípa àwọn ọmọ ogun tí àdó olóró bú sí nítòsí, tí wọn kò ríran dáadáa mọ́, tí wọn kò gbóòórùn, tí ìrántí wọn sì sọnù. Àwọn ọ̀gá ogun púpọ̀ pe irú wọn ní ojo. Ọmọ ogun 306 lábẹ́ àṣẹ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n yìnbọn pa nígbà ogun náà fún ẹ̀sùn bí ojo àti sísá kúrò lójú ogun. Ọdún 2006 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó dárí jì wọ́n, nígbà tí ó ti pẹ́ tí àwọn ìyá tí ó bí wọn ti kú. Ọdún 1980 sì ni àwọn dókítà ọpọlọ ní Amẹ́ríkà tó kọ àìsàn náà sínú ìwé wọn pẹ̀lú orúkọ tirẹ̀.

Ẹ lè ní kí ni ti Gẹ̀ẹ́sì ṣe kàn wá. Lántòrò kò jìnnà sí ibi tí a jókòó sí yìí. Ní 1944, nígbà tí ogun àgbáyé kejì ṣì ń jà, ilé ẹ̀wọ̀n àtijọ́ kan ní Lántòrò ni ìjọba fi ṣe ibi tí wọ́n ń kó àwọn ọmọ ogun wa sí, àwọn tí a dá padà wálé nítorí pé ọpọlọ wọn dàrú. Ẹ rò ó wò. Ọmọkùnrin fi oko baba rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi gbé e lọ sí ogun tí kò mọ orísun rẹ̀, ó rí ohun tí ojú kì í fẹ́ rí. Nígbà tí ó padà dé ilẹ̀ rẹ̀, ògiri ilé ẹ̀wọ̀n ni ó kí i káàbọ̀. Ibẹ̀ ni ìtọ́jú ọpọlọ ti bẹ̀rẹ̀ ní ìlú wa. Títí di òní, apá kan ilé ìwòsàn Aró ni Lántòrò jẹ́.

Ọmọ ìlú wa ni ó wá yí ojú ọ̀rọ̀ padà. Thomas Adéoyè Lámbò, tí a bí ní Abẹ́òkúta ní 1923, tí ó sì lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà ní Birmingham, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Aró ní 1954. Ilé ìwòsàn náà kò tíì parí. Ẹlòmíràn ì bá jókòó kí ó máa dúró de bíríkì, kí ó sì máa gba owó oṣù rẹ̀. Lámbò tọ àwọn abúlé tí ó yí Aró ká lọ, ó sì bá àwọn àgbà ibẹ̀ ṣe àdéhùn kí wọ́n gba àwọn aláìsàn sínú ilé wọn. Òfin kan wà tí kì í yẹ̀: aláìsàn kò gbọdọ̀ dá wá. Ó kéré tán, ìbátan kan, ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tàbí àǹtí, gbọ́dọ̀ bá a wá, kí ó máa dáná fún un, kí ó máa fọ aṣọ rẹ̀, kí ó sìn ín lọ sí ilé ìwòsàn ní òwúrọ̀, kí ó sì mú un padà ní ọ̀sán. Nígbà tí ó bá gba ìtọ́jú tán, a padà sí àárín àwọn tí ń roko, tí ń lọ sọ́jà, tí ń jà, tí ń parí ìjà, tí ń ṣe ọdún. Ilé ìwòsàn náà ran àwọn abúlé lọ́wọ́ pẹ̀lú omi, ilé ìyàgbẹ́ àti pípa ẹ̀fọn, kí ó má baà jẹ́ pé ẹrù nìkan ni a gbé kà wọ́n lórí. Lámbò tún pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra láti bá a mójútó ìgbé-ayé àwọn aláìsàn nínú abúlé, ní àkókò tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn dókítà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò jẹ́ bá oníṣègùn jókòó. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1961, àwọn dókítà ọpọlọ péjọ sí Abẹ́òkúta yìí fún ìpàdé àkọ́kọ́ irú rẹ̀ fún gbogbo Áfíríkà. Ní 1973, Lámbò di igbákejì olórí Àjọ Ìlera Àgbáyé.

Ẹgbẹ́ tí ń gbé àṣà ga ni wá. Ó rọrùn fún wa láti dúró síhìn-ín, kí á pàtẹ́wọ́ fún Lámbò, kí á sọ pé àwọn baba wa ti mọ gbogbo rẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí á sì lọ jẹun. A kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹnu wa kan náà ni ó ní wèrè dùn-ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Ọwọ́ wa náà ni ó fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ de ọmọ ènìyàn mọ́ igi, tí ó fi pàṣán nà án kí ẹ̀mí kan lè jáde lára rẹ̀. Kò sì tíì dópin. Ní 2019, àwọn tí Human Rights Watch rán jáde kọ̀wé pé àwọn bá àwọn aláìsàn ọpọlọ nínú ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ ní Nàìjíríà, ní ilé oníṣègùn ìbílẹ̀, ní ilé àdúrà Kìrìsìtẹ́nì, ní ilé ìtúnwàṣe Mùsùlùmí, àti ní ibi tí ó jẹ́ ti ìjọba pàápàá. Kò sí ẹni tí ó lè na ìka sí ẹnì kejì. Ẹ sì rò ó: bí ó bá jẹ́ pé ìdè àti ìnà ni ó kọ́kọ́ ba ọkàn ènìyàn jẹ́, kí ni ìdè àti ìnà mìíràn yóò wò sàn lára rẹ̀? Arákùnrin wa tí wọ́n fi okùn dè nínú igbó, ṣé ilé tí a ó ti tún un dè ni a ó mú un lọ?

A tún ní láti fi ìṣọ́ra yin ètò Lámbò fúnra rẹ̀. Ẹbí ni ó fi ṣe òpó, ẹbí sì ni òpó wa lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí ó jẹ́ pé inú ẹbí ni ọgbẹ́ wọn ti wá. Ọmọbìnrin tí ọkọ ìyá rẹ̀ bà jẹ́, tí ìyá sì ní kí ó dákẹ́ nítorí orúkọ ilé, ta ni yóò sìn ín dé ilé ìwòsàn? Ìyàwó tí ọkọ ń lù, ṣé ọkọ náà ni yóò jókòó tì í kí ó tó sọ ohun tí ó ṣe é? Olùtọ́jú tí ó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ a kọ́kọ́ bá aláìsàn sọ̀rọ̀ ní òun nìkan, a sì bi í pé, "Ta ni ẹ fẹ́ kí ó wà níhìn-ín?" Bí ó bá ní òun kò fẹ́ ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ ni yóò rí, ìbáà ṣe baálé ilé ni ó sanwó. Èyí yóò ṣòro fún àwọn àgbà láti gbà. Ó ṣòro fún àwa náà.

Ẹ jẹ́ kí á padà sí ọjọ́ ọpẹ́ wa. Àṣìṣe tí a ṣe kì í ṣe tiwa nìkan, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyẹn kò dín in kù. Ní ilẹ̀ àwọn òyìnbó, láti ìwọ̀n ọdún 1980 síwájú, àṣà kan gbilẹ̀: bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, wọn a kó àwọn tí ó yè é jọ láàárín ọjọ́ díẹ̀, wọn a ní kí olúkúlùkù sọ ohun tí ó rí àti bí ó ti rí lára rẹ̀, ní ìjókòó kan ṣoṣo, kí ọkàn wọn lè fúyẹ́. Ó dùn létí. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn onímọ̀ kó àwọn ìdánwò tí a ti ṣe lórí rẹ̀ jọ, tí wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ ní 2002, wọn kò rí i pé ó dènà àìsàn náà. Nínú ìdánwò kan, lẹ́yìn bí ọdún kan, àìsàn náà wọ́pọ̀ láàárín àwọn tí a mú sọ̀rọ̀ ju àwọn tí a fi sílẹ̀ lọ. Nítorí náà, nínú ìwé ìtọ́ni tí Àjọ Ìlera Àgbáyé àti àwọn alábàáṣe rẹ̀ tẹ̀ ní 2011, ohun mẹ́ta ni wọ́n ní kí ẹni tí ó bá kọ́kọ́ débẹ̀ ṣe: kí ó wò, kí ó tẹ́tí, kí ó bá wọn wá ìrànlọ́wọ́. Kí ó wo ibi tí ewu ṣì kù sí, àti ẹni tí kò ní omi, tí kò ní aṣọ. Kí ó tẹ́tí sí ohun tí onítọ̀hún bá fẹ́ sọ, kí ó má sì fi ipá fa ọ̀rọ̀ yọ lẹ́nu rẹ̀. Kí ó bá a wá àwọn ènìyàn rẹ̀.

Ẹ kíyèsí i pé "ẹ kú ewu" kò béèrè ohunkóhun. Ìkíni náà pé pérépéré bí àwọn baba wa ti fi lé wa lọ́wọ́. Àwa ni a gbé ìbéèrè lé e lórí.

Ẹnìkan lè sọ pé, ǹjẹ́ kí ó má sọ ọ́ láéláé ni? Rárá o. Ohun tí a bò mọ́ inú a máa rà síbẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni ẹni tí ó sọ ìtàn rẹ̀, ọ̀tọ̀ ni ẹni tí a gba ìtàn lọ́wọ́ rẹ̀. Judith Herman, dókítà ọpọlọ ní Amẹ́ríkà, tò ó lẹ́sẹẹsẹ nínú ìwé tí ó kọ ní 1992: àkọ́kọ́, kí ẹni náà wà ní àìléwu, lẹ́yìn èyí ni kí ó rántí, kí ó sì ṣọ̀fọ̀ ohun tí ó sọnù, lẹ́yìn náà ni yóò padà sáàárín ènìyàn. Àwa fi ìkẹta ṣe àkọ́kọ́, a sì fi ìlù sí i.

Ọ̀nà kan wà tí a gbọ́ nípa rẹ̀ tí ó wọ̀ wá lọ́kàn púpọ̀. Àwọn onímọ̀ láti Jámánì ni ó lò ó láàárín àwọn tí ogun lé wá sí Ùgáńdà. Aláìsàn kan, olùtọ́jú kan. Wọn a tẹ́ okùn sílẹ̀. Okùn náà ni ayé onítọ̀hún láti ọjọ́ tí a ti bí i. Ibi tí ayọ̀ ti wà, a fi òdòdó sí i. Ibi tí láburú ti ṣẹlẹ̀, a fi òkúta sí i. Apá okùn tí a kò tíì tẹ́, tí ó ṣì ká jọ, ni ọjọ́ iwájú. Àwa tí àwọn baba wa ń sín owó ẹyọ sí okùn láti pa àrokò ránṣẹ́ síra wọn, kò yẹ kí èyí ṣe àjèjì sí wa. Ní ìjókòó mélòó kan, wọn a máa tọ okùn náà lọ díẹ̀díẹ̀. Bí wọ́n bá kan òkúta, olùtọ́jú kì í kánjú kọjá, kì í sì í jẹ́ kí aláìsàn rì síbẹ̀, a máa pè é padà pé, "Níhìn-ín ni a wà, òní ni, ìgbà yẹn kọ́." Ohun tí ó ń já lu ènìyàn láti ibi gbogbo a wá ní ìbẹ̀rẹ̀ àti àárín àti òpin. Olùtọ́jú a kọ ìtàn náà sílẹ̀, a kà á sí i létí, a sì fi lé e lọ́wọ́, nítorí pé tirẹ̀ ni. Àbájáde tí wọ́n tẹ̀ ní 2004 fi hàn pé ara àwọn tí ó gba ìtọ́jú náà yá ju ti àwọn yòókù lọ. Òmíràn tí wọ́n tẹ̀ ní 2008 fi hàn pé àwọn tí a kọ́ ní iṣẹ́ náà láàárín àwọn asásálà fúnra wọn, tí wọn kì í ṣe dókítà rárá, lè ṣe é kí ó sì jẹ́. A fẹ́ kí ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, nítorí pé dókítà ọpọlọ kò pọ̀ láàárín wa, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a sì kọ́ ni ó ti kọjá sí òkè òkun.

Ibi tí ọ̀rọ̀ kan ẹgbẹ́ bíi tiwa jù ni ti èdè. Ní Harare, ní ilẹ̀ Zimbabwe, dókítà Dixon Chibanda bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní 2006 pẹ̀lú ìyá àgbà mẹ́rìnlá. Wọ́n gbé àga onígi gbọọrọ sí ìta ilé ìwòsàn. Ìyá àgbà a jókòó, ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ a jókòó tì í, wọn a sì jọ yanjú ìṣòro kan lẹ́yìn òmíràn. Àwọn ìyá náà kò fi orúkọ òyìnbó pe àìsàn. Kufungisisa ni wọ́n pè é, èyí tí í ṣe àròjù ní èdè Shona. Ìbẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú ni wọ́n pè ní kuvhura pfungwa, ìyẹn ni ṣíṣí ọkàn. Nínú ìdánwò tí a tẹ̀ ní 2016, tí ènìyàn 573 kópa nínú rẹ̀, lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ìdààmú àwọn tí ó jókòó lórí àga náà dín kù gidigidi ju ti àwọn yòókù lọ.

Tiwa ńkọ́? Ẹni tí ọkàn rẹ̀ fara gbọgbẹ́ ní ilẹ̀ wa kì í dé iwájú nọ́ọ̀sì kí ó sọ bẹ́ẹ̀. Yóò ní orí òun ń gbóná, nǹkan ń rìn lórí òun bí èèrà, àyà òun ń já, oorun ń kọ òun. Ọdẹ orí ni àwọn mìíràn ń pè é. Nọ́ọ̀sì tí a fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ́ nípa àìsàn náà lè má mọ̀ ọ́n nígbà tí ó bá wọ aṣọ Yorùbá wọlé. Yóò fún un ní oògùn orí fífọ́, yóò sì ní kí ó máa lọ. Bí ó bá jẹ́ pé Ègùn ni obìnrin náà ń sọ, wọn a fa ọmọ rẹ̀ tí ó wà ní ilé ìwé wá kí ó ṣe ògbufọ̀. Ẹ wo irú ìyá tí yóò sọ fún dókítà, láti ẹnu ọmọ ọdún mẹ́wàá, ohun tí ọkùnrin kan fi ojú rẹ̀ rí! Kò ní sọ ọ́. Àwọn adití wà láàárín wa pẹ̀lú, tí wọn kò rí ẹnì kan tí ó lè fi ọwọ́ bá wọn sọ̀rọ̀ nípa ìbẹ̀rù. Ìtọ́jú tí kò ní èdè aláìsàn nínú kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ní ti òfin, a kò ní pẹ́ níbẹ̀. Títí di oṣù kìíní ọdún 2023, òfin wèrè ti 1958, tí gbòǹgbò rẹ̀ wà nínú òfin àwọn òyìnbó ti 1916, ni Nàìjíríà ń lò. Oṣù náà ni Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin tuntun tí ó sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀tọ́ aláìsàn. Ó dára. Ṣùgbọ́n ìwé òfin kì í lọ jókòó ti ènìyàn lóru.

Nítorí náà ni ìgbìmọ̀ ṣe mú ohun mẹ́ta wá síwájú yín, kí ẹ dìbò sí i kí ilẹ̀ tó ṣú. Láti òní lọ, a kò ní pe ẹnikẹ́ni tí ó bọ́ lọ́wọ́ ewu síta nínú ìpàdé yìí láti ròyìn. A ó kí i, a ó fún un ní oúnjẹ, a ó jẹ́ kí ó jókòó. Bí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ó mọ ibi tí ẹnu rẹ̀ wà. Èkejì, àpò kan yóò wà lọ́wọ́ akápò fún owó ọkọ̀ àti owó ìtọ́jú ọmọ ẹgbẹ́ tí ó bá nílò rẹ̀, akápò kò sì ní béèrè orúkọ àìsàn. Ẹ̀kẹta ni iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ wa lè ṣe ju ẹgbẹ́ mìíràn lọ: kí á kó àwọn ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn wa fi ń sọ ìnira ọkàn jọ, ti Ẹ̀gbá, ti Ìjẹ̀bú, ti Yewa, ti Ègùn, ti àwọn ìyá wa ní ọjà àti ti àwọn ọ̀dọ́ ní ibùdókọ̀, kí á sì tẹ̀ ẹ́ fún àwọn nọ́ọ̀sì ní àwọn ilé ìlera. Ẹni tí ó bá ní ọ̀rọ̀ kan kí ó kọ ọ́ sí ìwé pélébé pẹ̀lú ìtumọ̀ rẹ̀ àti ìlú tí ó ti gbọ́ ọ. Kí á má fi ìtìjú yọ àwọn ọ̀rọ̀ tí kò dára létí sílẹ̀. Wọ́n lè jẹ́ àwọn tí nọ́ọ̀sì yóò gbọ́ jù.

Ìwé gbèsè tí a kọ sí arákùnrin wa, a ti gbà á padà, a sì ti ya á níwájú rẹ̀. Ó ti ń lọ gba ìtọ́jú ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan; òun ni ó ní kí á sọ èyí. Ó ní ìbéèrè àkọ́kọ́ tí obìnrin tí ń tọ́jú òun bi òun ní ọjọ́ tí òun kọ́kọ́ débẹ̀ ni pé, "Níbo ni ẹ fẹ́ jókòó sí?" Nígbà tí a tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, kò sọ pé kò sí nǹkan. Ó ní òun ti gbọ́. Ó ní bóyá òun yóò wá ní oṣù tí ń bọ̀, bóyá òun kò ní í wá. Bí òun bá wá, kí á fi àga òun sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, kí ilẹ̀kùn náà wà ní ṣíṣí, kí ẹnikẹ́ni má sì yíjú padà wo òun. Akọ̀wé ti sàmì sí àga kan. Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tí ó bá tètè dé ní oṣù tí ń bọ̀, kí ó má jókòó sí i.